Báwo Ni "Púpọ̀" Ṣe Pọ̀ Tó?

Nọ́ọ̀sì tó ń kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ kò gbójú sókè nígbà tó bi mí pé, "Nǹkan oṣù yín ńkọ́, ṣé ó máa ń pọ̀?" Mo ní, "Rárá o, níwọ̀nba ni." Ó fa ìlà sí i, ó bọ́ sórí ìbéèrè mìíràn.

Ẹni ọdún 34 ni mí nígbà náà. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, páàdì méjì ni mo tò lé ara wọn kí n tó jáde nílé, mo sì tẹ́ aṣọ ìnura sórí ìjókòó ọkọ̀ kí n tó jókòó. Àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn náà kò ga rárá, síbẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dúró fọwọ́ ti ògiri kí èémí mi tó balẹ̀. Gbogbo èyí ni mo mọ̀, tí mo sì ní níwọ̀nba ni. Irọ́ kọ́ ni mo pa. Ohun tó dá mi lójú ni mo sọ.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mi ti jáde. Hẹmoglóbìn, èròjà pupa tó ń gbé ọ́síjìn káàkiri ara, kò ju gíráàmù 69 lọ nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan. Fún àgbà obìnrin tí kò lóyún, tí iye yẹn bá ti wálẹ̀ ju 120 lọ, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kà á sí àìtó ẹ̀jẹ̀. Dókítà wo ìwé, ó wò mí, ó tún padà wo ìwé. "Ẹ̀yin fúnra yín lẹ fẹsẹ̀ rìn wọlé?" Lẹ́yìn náà ló bi mí ní ohun tí ẹnì kankan kò bi mí rí: "Lọ́jọ́ tó bá le jù, páàdì kan máa ń gbé yín tó wákàtí mélòó?" Mo ní ó lè gbé mi tó wákàtí kan, ìgbà mìíràn kì í tó bẹ́ẹ̀. Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀.

Níwọ̀nba. Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ náà. Ìwọ̀n wà nínú rẹ̀, àmọ́ ta ló wọ̀n ọ́n? Kí ló fi wọ̀n ọ́n?

A lè rí bí ẹsẹ̀ ẹlòmíì ṣe wú, a lè gbọ́ ikọ́ rẹ̀ láti yàrá kejì. Ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ṣe é nìkan ló ń rí i, ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn tó tì mọ́ ara rẹ̀ ló sì ti ń rí i. Bí ìlọ́po mẹ́ta ohun tó yẹ bá ń jáde lára ọmọbìnrin kan láti ọmọ ọdún 13, kò ní ohun tí yóò fi wé e. Tirẹ̀ náà ni òṣùwọ̀n. Tó bá sì wá rántí béèrè, ta ni yóò bi? Ìyá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, púpọ̀ nínú ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ ló máa ń rìn nínú ẹbí. Ìyá tí òun náà ti ń fara da irú rẹ̀ ni yóò dá a lóhùn. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún 16, tí mo sunkún délé nítorí pé ó yí mi láṣọ níwájú àwọn ẹgbẹ́ mi, ìyá mi fà mí mọ́ra, wọ́n ní, "Fara dà á, ọmọ mi. Bí obìnrin ṣe ń rí nìyẹn." Ìfẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́. Mo sì gbà á gbọ́ fún ọdún 18.

Èdè tí a fi ń sọ ọ́ pàápàá kò ràn wá lọ́wọ́. Nǹkan oṣù: nǹkan. Ohun tí a kò fẹ́ dárúkọ là ń pè ní nǹkan. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an, àṣẹ́, wà níbẹ̀, àmọ́ ẹnu àwọn àgbà díẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ ọ mọ́. Ojú ara di "ìsàlẹ̀", ilé ọmọ di "inú". Obìnrin á ní inú ń run òun, a ò ní mọ̀ bóyá ìfun ni, bóyá ilé ọmọ ni, bóyá àpòòtọ̀ ni. Mo mọ̀ pé ìtìjú ló bí i, ìtìjú sì ní àyè tirẹ̀. Ṣùgbọ́n níwájú ẹni tó fẹ́ wò wá sàn, inú òkùnkùn ni ọ̀rọ̀ tí kò ní orúkọ, tí kò ní ìwọ̀n, ń fi í sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ iye nígbà náà. Ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde lára obìnrin láti ọjọ́ àkọ́kọ́ títí tí nǹkan oṣù kan yóò fi dá, mílílítà 30 sí 40 ló sábà máa ń jẹ́. Ṣíbí kékeré tí a fi ń lo oògùn olómi máa ń gba mílílítà márùn-ún. Ṣíbí mẹ́fà sí mẹ́jọ nìyẹn. Tó bá ti kọjá 80, ìyẹn ṣíbí 16, ó ti pọ̀ jù. Nígbà tí dókítà sọ èyí fún mi, mo ní kó tún un sọ. Mo ti rò pé ife ni wọ́n fi ń wọn ti gbogbo obìnrin.

Kò sí ẹni tí yóò gbé ṣíbí lọ sí ilé ìwẹ̀. Lọ́dún 1990, àwọn dókítà mẹ́ta kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ọgbọ́n kan jáde tó jẹ́ pé ojú lásán la ó fi ṣe é. Páàdì tí ẹ̀jẹ̀ kàn tò sí díẹ̀, máàkì kan. Èyí tó rin dé ìdajì, máàkì márùn-ún. Èyí tó rin gbingbin, máàkì 20. Ìṣù ẹ̀jẹ̀ kékeré, máàkì kan. Èyí tó tóbi, márùn-ún. Gbogbo ìgbà tí èèyàn bá pààrọ̀ ni yóò fa ìlà sínú ìwé, tó bá dá tán, yóò kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ rò. Tó bá ti tó 100, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀jẹ̀ náà ti kọjá mílílítà 80. Oṣù tí mo kọ́kọ́ ṣe é, 286 ni mo rí. Mo tún un rò lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Lóde òní, ọ̀pọ̀ dókítà kì í dúró de máàkì mọ́. Wọ́n á béèrè bóyá ẹ ń jí lóru láti pààrọ̀, bóyá ìṣù tó tóbi ju ẹyọ owó lọ ń jáde, bóyá ó ń kọjá ọjọ́ mẹ́jọ, bóyá ẹ ń pa iṣẹ́ jẹ nítorí rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ti ń dí ìgbé ayé obìnrin lọ́wọ́ ti pọ̀ jù, ohun tí wọ́n ń sọ nìyẹn, òtítọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn nìkan ì bá má ràn mí lọ́wọ́, torí pé mo ti tún gbogbo ìgbé ayé mi tò yí ẹ̀jẹ̀ náà ká débi pé mi ò mọ̀ mọ́ pé ó ń dí mi lọ́wọ́. Aṣọ dúdú nìkan ni mo ń wọ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Kò sí ọ̀nà tí mo ń gbà tí mi ò mọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó wà níbẹ̀. Mo ń fi ìpàdé sí ọjọ́ kọkànlá, ọjọ́ kejìlá tí ẹ̀jẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀, mi ò tilẹ̀ rántí ìdí rẹ̀ mọ́. Iye tí mo kọ sílẹ̀ ló là mí lójú.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ọdún mẹ́ta ni mo ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀. Ó rẹ̀ mí, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi kò tó, wọ́n fún mi ní oògùn tó ní èròjà irin. Mo lò ó, ara mi gbé díẹ̀, oṣù yí po, mo padà síbi tí mo wà. A fi ètè sílẹ̀, à ń pa làpálàpá. Ìṣirò rẹ̀ kò sì le. Nínú mílílítà ẹ̀jẹ̀ kan, nǹkan bí ìdajì mílígíráàmù irin ló wà. Mílílítà 80 ń gbé mílígíráàmù 40 lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú gbogbo ohun tí a ń jẹ lóòjọ́, ara kì í sábà rí ju mílígíráàmù kan sí méjì fà mọ́ra, ó sì ní ibòmíràn tó ń ná an sí. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pọ̀ tó tèmi ń pọn omi sínú agbè tó jò. Omi náà dára, oògùn náà ń ṣiṣẹ́. Kò kàn sí ẹni tó wá ibi tí agbè ti jò. Àwọn àmì rẹ̀ wà lára mi tí mi ò kà wọ́n sí: irun tó ń já, ọkàn tó ń lù kìkì tí mo bá gun òkè, omi dídì tí mo ń rún lẹ́nu láti àárọ̀ dalẹ́. Mo rò pé ooru ló ń mú mi. Mi ò mọ̀ pé ìwọra fún omi dídì lè jẹ́ àmì pé irin ti tán lára. Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èmi nìkan: láàárín àwọn obìnrin ọdún 15 sí 49 lágbàáyé, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó.

Síkáànì fi fáíbírọ́ọ̀dù mẹ́ta hàn, ohun tí àwọn àgbà ń pè ní ìju. Iṣan ara ilé ọmọ fúnra rẹ̀ ló ń ṣù, tó ń dàgbà. Jẹjẹrẹ kọ́. Ó wọ́pọ̀ débi pé kí àwọn obìnrin tó pé ẹni 50 ọdún, ó ju ìdajì wọn lọ tó ti ní in; lára àwa obìnrin adúláwọ̀, ó máa ń pọ̀ jù, ó sì máa ń tètè dé. Ọ̀pọ̀ ni kò ní mọ̀ láéláé pé àwọn ní in, nítorí kò yọ wọ́n lẹ́nu. Ibi tó bá wà ṣe pàtàkì ju bó ṣe tóbi lọ. Nínú mẹ́ta tèmi, èyí tó tóbi jù wà lẹ́yìn ilé ọmọ, kò ṣe mí ní nǹkan kan. Èyí tó kéré jù, tí kò ju sẹ̀ǹtímítà méjì àbọ̀ lọ, ló yọrí sínú ilé ọmọ níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń wá. Òun ló ń gbẹ̀mí mi díẹ̀díẹ̀.

Mo ti gbọ́ tipẹ́ pé kí wọ́n gé ilé ọmọ kúrò ni àbáyọ kan ṣoṣo, ẹ̀rù rẹ̀ sì wà lára ohun tó mú mi máa sọ pé níwọ̀nba ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oògùn wà tó jẹ́ pé ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ ń wá nìkan la máa ń lò ó kó lè dín kù. Ohun kékeré kan wà tó ní òòmóònù, èròjà tó ń darí iṣẹ́ ara, tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ fún ọdún púpọ̀. Wọ́n lè dí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ìju náà, wọ́n sì lè yọ ìju kí wọ́n fi ilé ọmọ sílẹ̀. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ bímọ gbọ́dọ̀ là á mọ́lẹ̀ fún dókítà kí wọ́n tó yan ọ̀kankan. Tèmi, wọ́n gba ẹnu ilé ọmọ wọlé, wọ́n yọ kékeré náà láì fọwọ́ kan awọ ikùn mi, mo sì sùn sílé lálẹ́ ọjọ́ náà. Oṣù kẹta lẹ́yìn rẹ̀, mo ka máàkì mi: 58. Mo jókòó sórí ibùsùn, mo ń wo iye yẹn. Ó di ẹni ọdún 35 kí n tó mọ bí oṣù ṣe ń rí fún àwọn ẹlòmíì.

Kì í ṣe ìju ló ń fa gbogbo rẹ̀. Nǹkan oṣù tó ń fo oṣù méjì mẹ́ta, tó wá ń ya bí omi nígbà tó bá dé, lè jẹ́ ti PCOS, ìdàrúdàpọ̀ òòmóònù tó wà lára nǹkan bí ẹnì kan nínú obìnrin mẹ́wàá tó wà lásìkò ọmọ bíbí, tí púpọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀. Ó sì lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ ni kò ń dì. Lọ́dún 1926, dókítà kan láti ilẹ̀ Finland, Erik von Willebrand, kọ̀wé nípa ìdílé kan ní erékùṣù Åland tí ẹ̀jẹ̀ wọn kì í tètè dá. Ọmọ ọdún márùn-ún ni ọmọbìnrin tí ó torí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí náà. Ọmọ náà bọ́ nínú gbogbo ọgbẹ́ ìgbà èwe, ó dé ọdún 13, nǹkan oṣù rẹ̀ kẹrin sì pa á. Orúkọ dókítà náà ni àìsàn yẹn ń jẹ́ lónìí, oògùn sì wà fún un. Ọmọbìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti ń pọ̀ láti ìgbà àkọ́kọ́, tí imú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, tí ara rẹ̀ ń dúdú bí nǹkan bá kàn án díẹ̀, ẹ má ṣe sọ fún un pé yóò lọ tó bá dàgbà. Mo máa ń ronú sí oṣù mẹ́ta tó ṣáájú oṣù kẹrin yẹn.

Ìrora náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Àbúrò mi obìnrin ti ń sọ pé inú ń run òun láti ilé ẹ̀kọ́. Ó máa ń yí nílẹ̀, ó máa ń bì, ó máa ń tutù. Wọ́n ní tó bá bímọ yóò lọ. Wọ́n ṣe síkáànì fún un lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní ọdún mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n ní kò sí nǹkan kan, gbogbo ìgbà tó bá sì ti ibẹ̀ dé ni ohùn rẹ̀ máa ń rẹlẹ̀ sí i, bí ẹni tí wọ́n ká irọ́ mọ́ lẹ́nu. Ẹni ọdún 29 ni kí dókítà kan tó fi ẹ̀rọ kékeré wo inú ikùn rẹ̀, tó rí endometriosis: ohun tó jọ ara inú ilé ọmọ ló hù síta, lára àpò ẹyin rẹ̀ àti lára ìfun. Nǹkan bí 190 mílíọ̀nù obìnrin àti ọmọbìnrin ló ní in lágbàáyé, ó sì máa ń gba ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n. Síkáànì tó mọ́ kò ní kí ara mọ́. Ìbéèrè tó yẹ kí á ti bi í kò ju mélòó kan lọ: ṣé oògùn ìrora ń ká a? Ṣé ó ń dùn ọ́ tí o bá lọ yàgbẹ́, tàbí nígbà ìbálòpọ̀? Ọjọ́ mélòó ni kì í jẹ́ kí o dìde lóṣù kan? Ẹnikẹ́ni kò bi í. Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò bi í. Mo jókòó tì í lórí ilẹ̀, mo fọwọ́ pa ẹ̀yìn rẹ̀, mo ní, "Fara dà á, bí obìnrin ṣe ń rí nìyẹn." Ohùn ìyá mi ni mo fi sọ ọ́. Mo ti bẹ̀ ẹ́. Ó ní kò sí nǹkan, àmọ́ nǹkan wà.

Ti omi tó ń jáde lójú ara, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn. Ojú tó ń ṣepin, ojú là ń fi hàn. Omi tó mọ́ tàbí tó funfun díẹ̀, tí kò rùn, tí kò yúnni, ti ara ni. Èyí tó bá ń yúnni tó sì ṣù, tó ń rùn, tàbí tó yí àwọ̀ padà, kí dókítà wò ó, kí a má ṣe ra oògùn tó wo ẹlòmíì sàn. Ọṣẹ àti òórùn dídùn kò ní iṣẹ́ nínú ojú ara. Àwọn kòkòrò rere tó ń dáàbò bo ibẹ̀ ni wọ́n ń fọ̀ dànù. Ìtọ̀ tó ń ta ni lára náà kì í ṣe ìwà ìdọ̀tí: ọ̀nà ìtọ̀ obìnrin kúrú ni, kò ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin lọ, ìdí nìyẹn tí kòkòrò fi ń tètè dé àpòòtọ̀.

Nínú gbogbo èyí tí mo ti ń sọ bọ̀, ara ló ń pariwo tí a kò dá a lóhùn. Ọ̀kan wà tí kì í pariwo. Jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ kì í dunni níbẹ̀rẹ̀, níbẹ̀ ni kíkà àti wíwọ̀n kò ti ràn wá lọ́wọ́. Fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní HPV ló ń fa fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀. Harald zur Hausen tó tọ́ka sí i gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2008. Ọ̀pọ̀ jù lọ ẹni tó ti ní ìbálòpọ̀ ló ń kó o nígbà kan, ara á sì lé e lọ. Níbi tí kò bá ti lọ, ó lè gba ọdún 15 sí 20 kó tó di jẹjẹrẹ, ó sì ń yá ju bẹ́ẹ̀ lọ lára ẹni tí agbára ìdáàbòbò ara rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Gbogbo àyè yẹn ni àyẹ̀wò lè fi rí i kó tó di nǹkan. Àjọ Ìlera Àgbáyé fẹ́ kí ó tó di ọdún 2030, kí àwọn ọmọbìnrin 90 nínú 100 ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ kí wọ́n tó pé 15, kí obìnrin 70 nínú 100 sì ti ṣe àyẹ̀wò ní ẹni ọdún 35 àti 45. Mo ṣe tèmi lọ́dún tí mo pé 35. Kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún. Ojú tì mí díẹ̀, kò dùn mí. Ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn ni mo fi ọdún mẹ́wàá sá fún.

Lálẹ́ ọjọ́ kan lọ́dún tó kọjá, ìyá mi pè mí. Ọ̀rọ̀ ẹbí la ń sọ. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n gbé fóònù sílẹ̀ ni wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Mo tún ń di ọ̀dọ́ o, nǹkan oṣù mi yọjú."

Ẹni ọdún 63 ni wọ́n, ó sì ti tó ọdún 12 tí tiwọn ti dáwọ́ dúró. Obìnrin tí kò bá rí nǹkan oṣù fún oṣù 12 gbáko ti kọjá ibẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ èyíkéyìí tó bá yọ lẹ́yìn náà, ì báà jẹ́ ẹ̀kán kan, kò gbọ́dọ̀ sùn kí á tó ṣètò láti rí dókítà, torí nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá àwọn tó ń rí i ni wọ́n ń bá jẹjẹrẹ lára ilé ọmọ rẹ̀. Mo rọra sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Mo ní kí wọ́n wá ìwé kan, kí wọ́n máa kọ ọ́ sílẹ̀ títí a ó fi lọ.

A lọ ní ọjọ́ kẹrin. Nọ́ọ̀sì bi wọ́n pé, "Màmá, ṣé ẹ̀jẹ̀ náà pọ̀?" Wọ́n ní, "Níwọ̀n..." Wọ́n dúró, wọ́n wò mí. Wọ́n ṣí àpò wọn, wọ́n yọ ìwé kékeré kan tí wọ́n ká sí mẹ́rin, wọ́n fi jígí sójú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà á: ọjọ́ kìíní, ẹ̀kán mẹ́ta, ó pupa, ọjọ́ kejì, kò sí, ọjọ́ kẹta, ó tó fífẹ̀ àtàǹpàkò. Èkùrọ́ ẹran kékeré kan ni wọ́n bá nínú ilé ọmọ wọn. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, jẹjẹrẹ kọ́.

Nínú ọkọ̀ tí à ń gbé bọ̀ wá sílé, wọ́n kọjú sí fèrèsé. Wọ́n ní, "Lẹ́yìn tí mo bí àbúrò rẹ, aṣọ ni mò ń lò. Mo máa ń to mẹ́rin sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn kí n tó sùn. Ó máa ń tán kí ilẹ̀ tó mọ́."

Mo bi wọ́n pé ọ̀kọ̀ọ̀kan máa ń gbé wọn tó wákàtí mélòó. Wọ́n kọ́kọ́ dákẹ́, wọ́n wá na ọwọ́ òsì wọn síwájú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kà á.